Kíráàkì ti pa láátọ́ọ̀pù mi. Sọ́fútíwíà ọ̀fẹ́ wo lẹ fi ń wo abẹ́ ilẹ̀, tẹ́ ẹ sì fi ń ya máàpù?

#1 Olómi_Iléṣà · Ọjọ́ Ajé, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni wíwá ibi tí omi wà fún àwọn tó fẹ́ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, ní Iléṣà, Ifẹ̀, Òṣogbo àti àwọn abúlé tó yí wọn ká. Látìgbà tí mo ti jáde ilé ẹ̀kọ́, kíráàkì (sọ́fútíwíà olówó tí wọ́n já àgádágodo rẹ̀) ni mò ń lò: ọ̀kan fún máàpù, ọ̀kan fún nọ́ńbà VES, ìyẹn ìwọ̀n abẹ́ ilẹ̀ tí à ń fi irin àti iná ṣe, tí mo bá kó bọ̀ láti oko. Ọmọkùnrin kan ló máa ń kó wọn sínú fìláàṣì fún wa ní ẹgbẹ̀rún méjì náírà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, fìláàṣì yẹn kó fáírọ́ọ̀sì ràn mí. Gbogbo fáìlì mi ló tì pa, ìkìlọ̀ kan sì yọ lójú kọ̀ǹpútà pé kí n san dọ́là kí wọ́n tó ṣí i. Iṣẹ́ tí mo ti ṣe níbi mẹ́rìnlá ló bá a lọ. Ọpẹ́lọpẹ́ ìwé pélébé tí mo máa ń kọ nọ́ńbà sí lóko, ǹ bá ti gbé irin mi tà.

Mi ò ṣe kíráàkì mọ́. Ojúlówó rẹ̀ ńkọ́? Owó rẹ̀ ju owó ọ̀kadà tí mò ń gùn lọ sóko lọ. Ṣé a rí ẹni tó ń fi èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí látòkè délẹ̀? Mo tún ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì kan ní Sátidé. Wọ́n máa ń bi mí ohun tó wà nínú ayé lọ́hùn-ún, mi ò sì ní nǹkan kan tí mo lè fi hàn wọ́n ju bọ́ọ̀dù àti ṣọ́ọ̀kì lọ.

#2 Ẹlẹ́rọ_Kànga · 9:31 alẹ́

Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò. Àmọ́ kí n sọ òótọ́: kọ̀ǹpútà kì í gbẹ́ kànga. Èmi tí mo ń wa ẹ̀rọ rèé. Mo ti gbẹ́ ibi tí kọ̀ǹpútà ní omi pọ̀ sí, eruku ló ń fẹ́ sí mi lójú. Mo sì ti gbẹ́ ibi tí bàbá arúgbó kan fi ẹ̀ka igi tọ́ka sí, omi yọ. Ẹ má bínú.

#3 Ìyá_Máàpù · 9:50 alẹ́

Ẹlẹ́rọ, ẹ jẹ́ ká dá ọmọ yìí lóhùn ná, a ó padà sórí ẹ̀ka igi yín.

Olómi, ti máàpù ló rọrùn jù. QGIS ni kó o gbé. Gary Sherman ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2002, ẹ̀dà 1.0 jáde ní 2009, ọ̀pọ̀ èèyàn káàkiri ayé ló sì ń tún un ṣe títí di òní. Òun nìkan ni mo fi ń jẹun ní Ìbàdàn níbí láti ọdún mẹ́jọ. Tó o bá ń dáńlóòdù rẹ̀, má mú èyí tó jáde lánàá; mú èyí tí wọ́n pè ní LTR, òun ni wọn kì í dédé yí padà mọ́ni lọ́wọ́. Ó tó bíi gígábáìtì kan, nítorí náà dúró de dátà òru.

Fi QField sórí fóònù rẹ náà. Máàpù tó o bá tò sínú QGIS, wàá gbé e lọ sóko, wàá tẹ ibi tó o ri irin sí, wàá kọ nọ́ńbà rẹ̀ síbẹ̀, kò sì bèèrè nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n má sọ ìwé pélébé yẹn nù o!

#4 Ọmọ_Sáfẹ́yọ̀ · 10:22 alẹ́

Ohun tí Àǹtí sọ dáa, àmọ́ kí Olómi má lọ bọ́ sínú kòtò tí mo bọ́ sí. Oníbàárà kan fún mi ní ìwé ilẹ̀ rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, nọ́ńbà bíkìnì (òpó igun ilẹ̀) mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lórí ẹ̀. Mo tẹ nọ́ńbà wọ̀nyẹn sínú fóònù, mo ń tẹ̀lé e lọ. Ó mú mi dé ẹ̀yìn ilé ìdáná ìjọ kan, àwọn ìyá ń ro àmàlà lọ́wọ́. Wọ́n ní, “Bùọ̀dá, ta lẹ ń wá?” Mo ní ilẹ̀ ni mò ń wá. Ilẹ̀ náà wà lódìkejì títì, ó lé ní ọgọ́rùn-ún mítà síbi tí mo dúró sí.

Nọ́ńbà náà ò parọ́, fóònù náà ò sì parọ́. Minna ni ìwé ilẹ̀ ń sọ, WGS84 ni fóònù ń gbọ́.

#5 Olómi_Iléṣà · 10:30 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ là mí lọ́yẹ. Mo ti ń rí “Minna” lórí ìwé ilẹ̀ látọjọ́ yìí, mo rò pé orúkọ ìlú lásán ni.

#6 Ọmọ_Sáfẹ́yọ̀ · 10:47 alẹ́

Ìlú náà ni. Ibẹ̀ ni òpó tí wọ́n gbára lé láti wọn gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà wà. Ayé ò rí róbótó bí ọsàn, ó sanra díẹ̀ níbàdí, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ wọn ilẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà pé báyìí ni ayé ṣe rí. Ìrísí tí Clarke, onímọ̀ ìwọnlẹ̀ kan, ṣírò ní 1880 làwọn tó wọn tiwa lò. Àwọn tó ṣe GPS ní ìrísí tiwọn, WGS84, àárín ayé tiwọn kò sì bọ́ sí ojú kan náà pẹ̀lú tiwa. Ọ̀kan nínú àwọn ìyípadà tó wà nínú QGIS sún àárín yẹn ní mítà -92, -93 àti 122. Ibi tí ọgọ́rùn-ún mítà mi ti wá nìyẹn.

#7 Ìyá_Máàpù · 11:05 alẹ́

Kí n fi ọwọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kún un, torí ibẹ̀ làwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ti máa ń ṣubú. Ohun méjì ló jọra nínú QGIS tí kì í ṣe ọ̀kan náà. Èkíní ni pé kó o *sọ fún un* irú nọ́ńbà tó wà nínú fáìlì. Èkejì ni pé kó o *yí nọ́ńbà náà padà*. Bí nọ́ńbà bá wá láti ìwé ilẹ̀ ní apá tiwa, sọ fún un pé EPSG:26331 ni, ìyẹn Minna, UTM 31N (EPSG ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ irú ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, UTM 31N ni apá ilẹ̀ tiwa). Lẹ́yìn ìyẹn, fi “Save Features As” gbé e jáde ní EPSG:32631, èyí tí í ṣe WGS84. Tó o bá kàn purọ́ fún un lákọ̀ọ́kọ́ pé 32631 ni, kò ní bá ọ jiyàn. Á gbé ẹ lọ sídìí àmàlà.

#8 Àkàndé_Àpáta · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:48 àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìwádìí abẹ́ ilẹ̀, ojú mi ló ṣì ń là ní agogo márùn-ún. Ẹ jẹ́ n bọ́ sórí ti iná.

Fún ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yìí: irin mẹ́rin là ń rì mọ́lẹ̀ lórí ìlà kan. A ó ta iná gba méjì tó wà lẹ́yìn, a ó fi méjì tó wà láàárín wo bí ilẹ̀ ṣe dènà rẹ̀ tó. Bí a ṣe ń fa ti ẹ̀yìn jìnnà síra wọn ni iná ń lọ jinlẹ̀ sí i. Amọ̀ kì í dènà iná púpọ̀. Yangí gbígbẹ máa ń dènà rẹ̀, àpáta gidi kì í sì í fẹ́ gbà á láyè rárá. Nọ́ńbà yẹn la máa kó fún kọ̀ǹpútà kó sọ ìpele-ìpele ilẹ̀ fún wa.

Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ WinResist. Ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ yàtọ̀ sí òmìnira. Kò sí ẹni tó lè ṣí inú rẹ̀ wò bó ṣe ń ṣírò. pyGIMLi ní méjèèjì. Python, èdè kọ̀ǹpútà kan, ló ń sọ, nítorí náà o máa kọ́kọ́ làágùn díẹ̀, àmọ́ ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ VESManager: wàá fún un ní nọ́ńbà AB/2 (ìdajì àyè tó wà láàárín irin méjì ti ẹ̀yìn), MN/2 (ìdajì ti àárín) àti ìdènà tó o rí, wàá sọ iye ìpele tó o rò pé ilẹ̀ ní, á sì bá ọ wá a. Bó bá jẹ́ pé irin púpọ̀ lo tò sórí ìlà gígùn, tó o sì fẹ́ rí abẹ́ ilẹ̀ bí ẹni gé àkàrà sí méjì, ResIPy ni kó o lò. Ìyẹn ní bọ́tìnì, kò dìgbà tó o bá kọ kóòdù.

Wàyí o, Ẹlẹ́rọ_Kànga, ọ̀rọ̀ yín kò jìnnà sí òótọ́. Ẹ wo èyí. Ilẹ̀ kan ní yangí mítà 8 lókè, ìdènà rẹ̀ 400 ohm-m (òun ni à ń fi wọn ìdènà ilẹ̀). Abẹ́ rẹ̀ ni àpáta tó ti jẹrà di amọ̀, mítà 4, ìdènà 20. Abẹ́ ìyẹn ni àpáta gidi, 2,000. Ó túmọ̀ sí pé mítà 12 la máa bá àpáta. Ẹ wá yí ti àárín nìkan padà: mítà 8, ìdènà 40. Àpáta ti di mítà 16 nìyẹn. Ẹ pín 4 sí ọ̀nà 20, 0.2 ni. Ẹ pín 8 sí ọ̀nà 40, 0.2 náà ni. Ìpín yìí ni iná ń rí nígbà tí ìpele tó rọ̀ bá há sáàárín méjì tó le. Mo gbé ilẹ̀ méjèèjì sínú kọ̀ǹpútà, ìlà wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ara wọn mọ́lẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kéré sí àṣìṣe tí irin tí kò wọlẹ̀ dáadáa máa ń fà.

Kò sí sọ́fútíwíà tó lè yan ọ̀kan nínú méjèèjì fún yín, ìbáà ṣe olówó gọbọi. Èyí tó bá fún yín ní ìdáhùn kan ṣoṣo, tí ó sì dákẹ́, ẹnu ló fi dùn. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú èyí tí inú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ni pé ẹ lè sọ fún un pé kó bẹ̀rẹ̀ látibòmíràn, lẹ́ẹ̀mẹwàá, kí ẹ wo gbogbo ilẹ̀ tó bá nọ́ńbà yín mu.

#9 Ẹlẹ́rọ_Kànga · 7:02 àárọ̀

Ọ̀gá, ẹ̀yin gan-an ni mo ti ń wá! Ní ọdún tó kọjá, ẹnì kan fún mi ní bébà tó ní àpáta wà ní mítà 12. Mo gbé kéèsì (páìpù tí à ń fi sínú ihò kó má ya) mítà 12 lọ. A dé 12, ilẹ̀ ṣì ń rọ̀. A dé 15, ó ṣì ń rọ̀. Ìgbà tó máa di ọjọ́ kejì, ilẹ̀ ti ya wọ inú ihò lábẹ́ kéèsì, ó gbé bíìtì mi, orí irin tó ń gbẹ́lẹ̀, mì. Mo ti gbé ọmọ yẹn ṣépè títí. Mi ò mọ̀ pé òun náà ò rí i.

Kí ni kí n máa bèèrè lọ́wọ́ wọn báyìí?

#10 Àkàndé_Àpáta · 7:15 àárọ̀

Ẹ bi í pé, “Ibo ló lè jìn sí jù?” Bí kò bá ní èsì, ẹ gbé kéèsì púpọ̀ dání. Ẹ sì bi í bóyá ó wo kànga àdúgbò. Kànga ọlọ́wọ́ tí wọ́n gbẹ́ ní ìgbà ìyá-ìyá wọn, tó dúró sórí àpáta, ó ju ẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà lọ.

#11 Títí_Leeds · 1:20 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀sán láti inú òtútù. Mo ń ṣe ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ lórí inú ayé níbí, mo sì fẹ́ fi GMT, sọ́fútíwíà máàpù ọ̀fẹ́ mìíràn, kún ohun tí Ìyá Máàpù sọ. QGIS dára fún ẹni tó fẹ́ fi ọwọ́ tẹ nǹkan. GMT ní tirẹ̀, àṣẹ lo máa kọ, á yà á, ìlà márùn-ún tó o bá kọ lónìí á sì ya irú máàpù kan náà fún ìlú mìíràn lọ́la. Paul Wessel àti Walter Smith ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Lamont-Doherty, ilé ìwádìí ayé kan ní Amẹ́ríkà, lápá ìparí àwọn ọdún 1980; 1991 ni wọ́n kéde rẹ̀. Wessel kú ní 2024, iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà gbogbo wa. Olómi, gbìyànjú èyí:

gmt begin osun png
gmt grdimage @earth_relief_03s -R4/5/7/8 -JM15c -I+d -Baf
gmt coast -Ia/0.5p,blue -Df
gmt colorbar -Baf
gmt end show

Ìlà kejì ló máa lọ gbé gíga ilẹ̀ wá fúnra rẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tó bá ti gbé e tán, inú kọ̀ǹpútà rẹ ló máa wà.

#12 Olómi_Iléṣà · 8:40 alẹ́

Àǹtí Títí, mo ṣe é o, òkun ló jáde! Mo wá Òṣogbo títí, odò tó ya ẹsẹ̀ púpọ̀ àti omi òkun ni mo rí.

#13 Títí_Leeds · 8:52 alẹ́

Lẹ -R rẹ, ìyẹn ààlà máàpù, síbí ká wò ó.

#14 Olómi_Iléṣà · 8:54 alẹ́

-R7/8/4/5

#15 Títí_Leeds · 8:59 alẹ́

Ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn ló máa ń kọ́kọ́ wá, kó tó kan gúúsù sí àríwá. O ti yí i sódì, o sì ti dé Bonny. Mú ẹja bọ̀ fún wa.

#16 Olómi_Iléṣà · 9:26 alẹ́

Ó ti jáde! Ẹ̀yin èèyàn mi, mo rí àwọn òkè ẹ̀yìn Iléṣà bí wọ́n ṣe tò lọ. Ìlà gbọọrọ kan gba ẹ̀gbẹ́ Ìfẹ́wàrà kọjá, ó tọ́ bí ẹni fi rúlà fà á. Mo máa ń gun ọ̀kadà gba ibẹ̀, mi ò mọ̀ pé báyìí ló rí.

#17 Àkàndé_Àpáta · 9:41 alẹ́

Ibi tí àpáta ti sán látijọ́ ni. Ìlà Ìfẹ́wàrà làwa ń pè é. Ìwọ tó ń wá omi, irú ojú ìlà bẹ́ẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ lọ wò, torí omi máa ń fara pamọ́ síbi tí àpáta bá ti fọ́.

#18 Ará_Àjàṣẹ́ · 10:10 alẹ́

Ẹ kúulé gbogbo. Porto-Novo ni mo wà. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ibi tí àpáta ti sán, ẹ jẹ́ kí Olómi fi GPlates han àwọn ọmọ rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì mọ bí ilẹ̀ ayé ṣe ń rìn. A ní ìlà ńlá kan níbí, ti Kandi. Ẹ ya á sínú GPlates, kí ẹ fa ọjọ́ padà sí mílíọ̀nù ọdún 120 sẹ́yìn. Ilẹ̀ Brazil á rọra padà wá fara ti tiwa, ìlà Kandi á sì lọ so mọ́ èyí tí àwọn ará Brazil ń pè ní Transbrasiliano. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, mo pe ìyàwó mi wá láti yàrá pé kó wá wo nǹkan.

Àwọn ará Brazil pàápàá ní tiwọn: Fatiando a Terra, ó bẹ̀rẹ̀ ní 2010, orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí gígé ayé ní bíbẹ̀-bíbẹ̀. Òun ni mo fi ń ṣírò détà òòfà ilẹ̀.

#19 Olómi_Iléṣà · 10:18 alẹ́

Àwọn ọmọ yìí á fẹ́ràn èyí. Inú ayé gan-an ńkọ́? Ọ̀kan bi mí ní Sátidé pé, “Ṣé ẹnì kan ti dé ibẹ̀ rí?”

#20 Títí_Leeds · Ọjọ́rú, 6:35 àárọ̀

Sọ fún un pé kò sẹ́ni tó dé ibẹ̀. Ihò tó jìn jù tí wọ́n gbẹ́ ni ti Kola ní Rọ́ṣíà, mítà 12,262, wọ́n dé ibẹ̀ ní 1989. Láti orí ilẹ̀ dé àárín ayé jẹ́ kìlómítà 6,371. Tí ayé bá jẹ́ ẹyin, wọn ò tíì la èèpo rẹ̀ já.

Ìmìtìtì ilẹ̀ la fi ń mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ilẹ̀ Tọ́kì mì ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì 2023, agogo méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún ni lóru ní Nàìjíríà. Bíi ìṣẹ́jú mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ìgbì àkọ́kọ́ ti gba inú ayé, lábẹ́ òkun àti lábẹ́ Sàhárà, ó ti dé abẹ́ Ilé-Ifẹ̀. Kò sẹ́ni tó jí nítorí rẹ̀, ẹ̀rọ nìkan ló lè gbọ́ ọ. ObsPy, sọ́fútíwíà tí àwọn ará Munich ṣe, ní ohun kan nínú tó ń jẹ́ TauP tó ń ṣírò ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn fúnni. Irú ìgbì báyìí ló fi han Inge Lehmann, onímọ̀ ìmìtìtì ilẹ̀ ọmọ Denmark, ní 1936 pé bọ́ọ̀lù kan tún wà nínú ọkàn ayé lọ́hùn-ún. Lónìí a mọ̀ pé ó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bíi kìlómítà 5,150 sísàlẹ̀. Jẹ́ kí ọmọ náà yan ìlú, kó yan ìmìtìtì, kó ṣírò ìgbà tí ìgbì máa dé abẹ́ ibùsùn rẹ̀.

Èyí tí mo fi ń ṣe iṣẹ́ tèmi ni ASPECT. Ó ń ṣírò bí àpáta tó wà lábẹ́ èèpo ayé ṣe ń ṣàn. Kì í ṣe omi o, àpáta tó le ni. Ẹ̀yin ará Òǹdó á tètè yé: ẹ mú ọ̀dà Agbábù tó ti dì, ẹ fi òòlù lù ú, ó fọ́. Ẹ gbé e sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀, ẹ padà wá, ó ti tẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni inú ayé, àmọ́ mílíọ̀nù ọdún ló fi ń tẹ́. Láátọ́ọ̀pù kékeré ò lè ṣe odindi ayé, àmọ́ àpẹẹrẹ kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ convection-box: àpótí kan, iná nísàlẹ̀, òtútù lókè. Ìyẹn kì í pẹ́. Fi ParaView, sọ́fútíwíà tó ń ya èsì ní àwòrán, ṣí èsì rẹ̀, wàá rí ooru tó ń dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àti òtútù tó ń wọlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Linux ni ASPECT fẹ́ràn jù, kí n má tàn ọ́. Ó gbà mí ní ọjọ́ méjì kí n tó rí i gbé dúró.

#21 Ọmọ_Sáfẹ́yọ̀ · 7:10 àárọ̀

Ọjọ́ méjì kẹ̀? NEPA tiwa á sọ ọ́ di ọ̀sẹ̀ méjì.

#22 Olómi_Iléṣà · Ọjọ́ Àìkú, 7:55 alẹ́

Mo padà wá jábọ̀. ASPECT kò tíì gbọ́ tèmi, mo ti fi sílẹ̀ ná. Àwọn ọmọ ti fa Brazil wá tán, wọ́n tún fà á lọ. Ọ̀kan bínú pé a tú u sílẹ̀.

Mo gbé nọ́ńbà ibì kan láti inú ìwé pélébé mi sínú pyGIMLi, ibi tí kíráàkì ti sọ fún mi pé àpáta wà ní mítà 14.3, àní ó ka ìdá mẹ́wàá mítà mọ́ ọn. Mo ṣe bí Bàbá Àkàndé ti wí, mo bẹ̀rẹ̀ láti ojú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ilẹ̀ tí àpáta rẹ̀ wà ní mítà 14 bá nọ́ńbà náà mu. Èyí tó wà ní 19 náà bá a mu. Mo lọ wo kànga ìyá kan tó wà ní ilé kẹta, mo ju okùn sí i: mítà 17 kó tó kan ìdí, ó ní orí àpáta ni wọ́n dúró sí. Mo ti kọ méjèèjì sí bébà oníbàárà, mo sì ní kí wọ́n gbé páìpù mítà mẹ́ta-mẹ́ta méje wá. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa gbẹ́ ẹ.

#23 Ẹlẹ́rọ_Kànga · 8:03 alẹ́

Dúró ná. Ṣé ojú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni ibẹ̀ wà, ilé aláwọ̀ ewé, gèètì dúdú?

#24 Olómi_Iléṣà · 8:04 alẹ́

Ẹ̀yin ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún?

#25 Ẹlẹ́rọ_Kànga · 8:09 alẹ́

Èmi ni. Páìpù méje ti wà lórí ọkọ̀. Mo mú 18, ìwọ mú tìẹ.